Idà Balógun Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Àpò Gààrí

Ẹ má bá mi kẹ́dùn tí ẹ bá ka ìtàn yìí tán. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Inú ló ń bí mi. Ó ń bí mi sí àbúrò mi, ó sì ń bí mi sí ara mi, mi ò tíì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi. Ìlú wa ò jìnnà sí Ìdó-Èkìtì, ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé Balógun ni mí. Baba ńlá wa ló ń kó àwọn ọmọ ogun ìlú jáde láyé ogun, ìyàwó méjì tó fi sílẹ̀ lọ sì di agbolé méjì: Ulé Òkè, níbi tí wọ́n bí mi sí, àti Ulé Ìsàlẹ̀. Ulé là ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Ogun ti tán tipẹ́, àmọ́ àwa ò jẹ́ kó tán láàárín ara wa. A kì í jọ jẹun. A kì í jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ọmọ Ulé Ìsàlẹ̀ bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, àwa á yà sápá òsì.

Ohun kan ṣoṣo tí agbolé méjèèjì jọ ní ni idà Balógun. Wọn kì í gbé e sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ọmọ obìnrin tó bá dàgbà jù nínú ilé ni wọ́n ń fún tọ́jú, torí obìnrin kì í jẹ Balógun, wọ́n ní kò ní rí ìdí tó fi máa ṣe màgòmágó. Inú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá mi ló ń gbé, nínú aṣọ funfun. Èmi ni mo dàgbà jù, èmi nìkan ni mo ń ṣí i, tí mo ń fi epo pa á kó má baà dípẹtà. Àwọn yòókù kì í rí i àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi Balógun tuntun jẹ.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí oyè tọ́ sí á fi ahọ́n lá idà náà, á sì búra pé ọwọ́ òun mọ́. Tó bá purọ́, irin ló máa pa á, ì báà jẹ́ ọkọ̀, ì báà jẹ́ àdá, ì báà jẹ́ ìbọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti sàmì fún mi, inú rẹ̀ náà ni wọ́n máa gbé òkú mi gbà, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́. Gbogbo wa la gbà á gbọ́, ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tí ò sọ ọ́.

Àbúrò ọkùnrin méjì ni mo ní. Ayọ̀kúnlé ló tẹ̀ lé mi, ẹnjiníà ni, Adó ló ń gbé. Akínkúnmi ni àbíkẹ́yìn, òun ló jókòó sílé tó ń gbin iṣu àti kòkó. Nígbà tí bàbá wa tó jẹ́ Balógun kú, wọ́n ní kí agbolé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá, kí àwọn àgbà yan ọ̀kan nínú wọn. Ulé Ìsàlẹ̀ mú Ọládiípọ̀, ọkùnrin tó ń ta pákó ní Ìdó. Ulé Òkè mú Akínkúnmi. Wọ́n fo Ayọ̀kúnlé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹni tí kì í gbélé kò lè ṣọ́lé.

Ayọ̀kúnlé rẹ́rìn-ín. Ó ra ewúrẹ́ fún àbúrò rẹ̀, ó ní kó fi ṣe àlejò. Mo gbàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn pé Ọlọ́run á máa fún un ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n yìnbọn pa Akínkúnmi lọ́nà oko.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ayọ̀kúnlé pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ń wá Akin, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ, ṣé ó wà nílé. Mo ní ó ti lọ sí oko ọ̀nà Ọ̀rìn. Ó dúpẹ́, ó sì gé fóònù. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ tó ń kó iṣu ló gbé òkú àbúrò mi wálé.

Àwọn kan ní àwọn ajínigbé ni. Mi ò gbà. Ajínigbé wo ló máa fi fóònù sílẹ̀ lápò òkú? Ọládiípọ̀ ni mo nàka sí, torí òun àti Akin ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lórí ààlà ilẹ̀ ni. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Mo kó àwọn obìnrin ilé wa lọ kọrin èébú síwájú ilé rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wa lọ dáná sun oko kòkó rẹ̀, mo mọ̀ sí i, mo sì dákẹ́. Ìyá Ọládiípọ̀ kú nígbà tó ṣì wà látìmọ́lé, wọn ò jẹ́ kó wá sin ín. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí, mo tutọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kọjá.

Mi ò sọ ti fóònù tí Ayọ̀kúnlé pè mí fún ọlọ́pàá. Mo ń sọ fún ara mi pé wọn ò kúkú bi mí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú irọ́ yẹn, ẹ ti pa á fún ara yín rí.

Ulé Òkè wá fi Ayọ̀kúnlé rọ́pò Akin. Ọ̀rọ̀ oyè di ìjà, wọ́n ń fọ́ fèrèsé ara wọn, ẹnì kan ò lè dá rìn lọ sódò mọ́. Ó sú àwọn àgbà. Bàbá Dúrójayé, tó dàgbà jù nínú gbogbo ilé, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló pe agbolé méjèèjì jọ. Ó ní Ọládiípọ̀ á lá idà, Ayọ̀kúnlé á lá idà, kálukú á sì búra pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ikú Akínkúnmi.

"Udà ni yóò bá wa dá ẹjọ́ yìí," ni Bàbá wí. "Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́, kó bọ́ síta. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò bá mọ́, kó yáa jókòó sí ulé rẹ̀."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ní ó tán fún Ọládiípọ̀. Ibi tí ọlọ́pàá ò ti rí ẹ̀rí, irin á rí i.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ayọ̀kúnlé wá bá mi. Mo ń din gààrí lọ́wọ́. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti iná tòun ti ṣòkòtò funfun. Ẹni tí kì í fẹ́ kí èéfín kan òun tẹ́lẹ̀. Ó bu gààrí gbígbóná sọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ́, ó ń yìn ín. Adó ti yí ahọ́n rẹ̀ padà tipẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ń sọ èdè wa bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé.

"Àǹtí mi," ló wí, "ẹ̀yin nìkan ni mo ní nínú ulé yìí."

Ó ní Ọládiípọ̀ ti lọ ṣoògùn. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan sí i lára tí irin ò fi ní lè ràn án, pé wọ́n sì ti pe orúkọ òun, Ayọ̀kúnlé, sí idà yẹn, bí òun bá fẹnu kàn án, òun ò ní délé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ká má lo idà gan-an. Ó dìde, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé nǹkan jáde nínú àpò ìrẹsì. Idà ni. Ó ní súpíríǹgì mọ́tò ni wọ́n fi rọ ọ́ fún òun, lọ́nà jíjìn tẹ́nì kankan ò ti mọ̀ wá. Wọ́n ti fi nǹkan sun ún kó lè jọ ohun àtijọ́. Ó sì jọ ọ́. Ọmọ ìyá mi ò gbàgbé ohun tó rí lọ́jọ́ tí bàbá wa jẹ Balógun.

Mo ní mi ò ṣe. Mo ní wọ́n fi nǹkan lé mi lọ́wọ́, mi ò ní bà á jẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ìgbà wo ni mo di abọ̀rìṣà. Ó ní irin lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ wò ó, ibí yìí ló yẹ kí n ti jí. Tó bá jẹ́ irin lásán ni, kí lo wá ń pààrọ̀ rẹ̀ fún? Àmọ́ ẹni tí ìbínú ti gùn, èèyàn lè gbé ejò kọ́ ọ lọ́rùn kó máa pè é ní ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà tó rí i pé mi ò tíì gbà, ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Ṣé Ọládiípọ̀ lẹ fẹ́ kó jókòó sórí àga bàbá wa?" ló wí. "Ẹni tó pa Akin? Ṣé ẹ máa lè máa kí i ní Balógun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo rí Ọládiípọ̀ lórí àga bàbá mi, mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, gbogbo ara mi gbóná. Mo ní kó gbé e wá.

Ó fẹ́ mú idà gidi lọ sí Adó. Ìyẹn nìkan ni mo kọ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Lẹ́yìn tó lọ, mo gbé ayédèrú sínú ìkòkò nínú aṣọ funfun, mo sì ki èyí tó jẹ́ ti baba ńlá wa bọ inú àpò gààrí ní ilé ìdáná mi. Mo bò ó dáadáa. Mo fọwọ́, mo sì padà sídìí iná.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n búra. Nàfísàt wọlé tọ̀ mí wá. Ìyàwó Akin ni, ọmọ Ìkọ̀lé, inú ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i. Ọ̀dọ̀ mi lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò bá wa dá sí ọ̀rọ̀ idà rí. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó gbé ìgò epo pupa kan dání, ó ní òun fúnra òun lòun ṣe é.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi fi pa á dáadáa," ló wí. "Ọlọ́hun ni mo ń ké pè, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹni tó pa bàbá àwọn ọmọ mi lá a. Ẹni tí kò bá mọwọ́mẹsẹ̀ ò ní bẹ̀rù rẹ̀."

Mo gba ìgò, mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Mo ṣí ìkòkò. Mo jókòó síwájú súpíríǹgì mọ́tò pẹ̀lú epo opó lọ́wọ́, ojú tì mí láti dà á sí i. Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tó bá jẹ́ Ọládiípọ̀ ló pa Akin, idà gidi á mú un. Ohun tí gbogbo Ulé Òkè ń fẹ́ nìyẹn. Kí ló dé tí Ayọ̀kúnlé ò fẹ́ ẹ? Ó ní Ọládiípọ̀ ti ṣoògùn, ẹnu yẹn kan náà ló fi ní irin lásán ni. Kí ló dé tó fẹ́ kí apànìyàn lá irin mọ́tò kó sì lọ sílé láyọ̀? Èèyàn méjì péré ló máa fẹnu kan idà yẹn. Tí kì í bá ṣe Ọládiípọ̀ ló ń dáàbò bò, ta ni?

Fóònù àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pa Akin bá dún padà létí mi.

Mi ò sunkún. Inú tó bí mi ò jẹ́ kí omi wá sójú mi. Ewúrẹ́ tó rà ni mo rántí, àti bó ṣe di pósí Akin mú lẹ́bàá sàréè tó ń pariwo pé kí wọ́n gbé òun náà sin. Mo fẹ́ gbọ̀nà Adó lójú ẹsẹ̀ kí n lọ di í lọ́rùn mú. Àmọ́ mo mọ ọmọ ìyá mi, ẹnu rẹ̀ dùn, á yí i mọ́ mi lórí. Mo dé ìkòkò padà. Mo fi ayédèrú sílẹ̀ níbi tó wà.

Iwájú ilé bàbá mi ni wọ́n ti búra, oòrùn mú. Ulé Òkè jókòó sápá kan, Ulé Ìsàlẹ̀ sápá kejì, Bàbá Dúrójayé wà láàárín. Wọ́n kọ́kọ́ pe Ọládiípọ̀. Ó ṣí fìlà. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Nàfísàt ló kọjú sí.

"Ìyàwó," ló wí, "bí mo bá mọ nǹkan kan nípa ikú ọkọ rẹ, kí urin yìí má jẹ́ kí n dé ulé."

Ó gba idà lọ́wọ́ mi, ó lá a láti ìdí dé ṣóńṣó. Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Òun ò mọ̀ pé ayédèrú ni. Lójú tirẹ̀, ikú ló fẹnu kàn yẹn, ó sì fà á padà fún mi bí ẹni dá abọ́ padà. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Wọ́n pe Ayọ̀kúnlé. Ó jáde nínú agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Mo gbé idà súnmọ́ ọn, mo wí i sí i létí.

"Mo ti dá a padà síbẹ̀. Ti bàbá wa nìyí."

Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ òógùn ti bò ó. Ó wo idà, ó wò mí. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun, kí wọ́n fún òun lómi. Wọ́n fún un lómi. Ó ní Kìrìsìtẹ́nì lòun, kí wọ́n gbé Bíbélì wá. Bàbá Dúrójayé ní bàbá rẹ̀ náà Kìrìsìtẹ́nì ni, ó sì lá a, kó lá a, ọmọ òun, kí gbogbo wa lọ jẹ uyán. Ayọ̀kúnlé yọ ahọ́n, ó fà á padà. Ó tún yọ ọ́, ó tún fà á padà. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ níhà tiwa pàápàá.

Nàfísàt dìde. Kò gbóhùn sókè.

"Bọ̀dá mi, ẹ lá a."

Ayọ̀kúnlé fọwọ́ ti idà sẹ́yìn. "Mi ò ní kí wọ́n pa á," ló wí. "Mo ní kí wọ́n dẹ́rù bà á kó lè yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ oyè ni. Àwọn ni wọ́n ṣe ju bí mo ṣe rán wọn lọ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó rán alágbàṣe lọ ro oko tí wọ́n sì ro ó wọ oko ẹlòmíì. Mo gbá a létí. Mo gbé idà sókè kí gbogbo ayé rí i, mo ní súpíríǹgì mọ́tò ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá bá mi nídìí gààrí. Irin lásán lo sá fún, Ayọ̀kúnlé, irin tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ rà.

Àwọn ọmọkùnrin Ulé Òkè ló fẹ́ pa á, àwọn kan náà tí wọ́n jó oko olóko. Ọládiípọ̀ ló dúró síwájú rẹ̀, tó nawọ́ méjèèjì. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ọlọ́pàá ló máa mú un. Wọ́n mú un. Ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù Adó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Mo rò pé ó parí. Kò parí. Bí wọ́n ṣe mú Ayọ̀kúnlé lọ, Ọládiípọ̀ yíjú sí mi, ó ní ibo ni ojúlówó wà. Mo lọ gbé e wá. Epo tó wà lára rẹ̀ ti jẹ́ kí gààrí lẹ̀ mọ́ ọn látòkè délẹ̀. Ọládiípọ̀ fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó ṣe é, ó lá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá nà án sí mi.

"Ó ku ìwọ, Abọ́sẹ̀dé. Ìwọ lo fi orúkọ mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lá a, kí o sì sọ pé o ò mọ nǹkan kan."

Mo lè sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Àmọ́ epo Nàfísàt wà nínú yàrá, òun náà sì dúró síwájú mi. Mo lá a. Epo àti gààrí ni mo tọ́ wò. Mo ní Ayọ̀kúnlé pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ní èmi ni mo sọ ọ̀nà tí Akin gbà fún un. Mo ní mo fi pamọ́ torí ọmọ ìyá mi ni, mo sì jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì lọ jìyà rẹ̀.

Bàbá Dúrójayé gba idà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Felicia, àgbà nínú àwọn ọmọ obìnrin Ulé Ìsàlẹ̀. Ọládiípọ̀ ni Balógun wa lónìí. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń dáhùn, kì í wò mí. Bó ṣe tọ́ sí mi nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ọmọ ìyá yín bá ní kí ẹ bá òun pààrọ̀ nǹkan tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ má jẹ́ kó fi orúkọ ọ̀tá yín bò yín lójú. Ìkórìíra tí mo ní sí Ulé Ìsàlẹ̀ ni Ayọ̀kúnlé rí tó fi sọ mí di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Nàfísàt di ẹrù. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ní Ìkọ̀lé làwọn ń padà sí. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo bá Ayọ̀kúnlé sọ lórí fóònù fún òun, kí n má yọ ọ̀kan kúrò.

Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Ó ti lọ sí oko ọ̀nà Ọ̀rìn. Òun nìkan ni."

Ayọ̀kúnlé ò bi mí bóyá ẹnì kan bá a lọ. Èmi ni mo fi kún un.